Àwa tí a jọ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì fẹ́ jọ jẹ oúnjẹ Kòríà n'Ilé-Ifẹ̀: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ Adétì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Àwa obìnrin mẹ́jọ la jọ gbé yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì nígbà tí a wà ní sẹ́kọ́ńdìrì n'Iléṣà. A jọ ṣe wáẹ́kì lọ́dún 1999, oníkálukú sì bá tirẹ̀ lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí a tún ríra lórí WhatsApp. A ń kíra kú ọdún, a ń dáwó ìsìnkú àti ìkómọ, ṣùgbọ́n àwa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ò tíì jókòó pọ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti jáde. Ọ̀kan nínú wa tó lo ọdún mẹ́sàn-án ní Kòríà Gúúsù ló wálé lóṣù tó kọjá. Òun ló gbọ́ pé obìnrin kan ń se oúnjẹ àwọn ará Kòríà n'Ilé-Ifẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni kí a ti pàdé.

Ibẹ̀ ò ní pátákó o. Inú pálọ̀ obìnrin náà ló ti ń gbàlejò, ẹ̀yìnkùlé ló ti ń dáná, tí èèyàn ò bá sì pè é sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kò sí oúnjẹ. Wọ́n ní orí ẹní ni wọ́n ń jókòó sí, tábìlì wọn ò sì ga ju àpótí ìdáná lọ.

Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun níbẹ̀ àti irú aṣọ tó yẹ ká wọ̀. Ọ̀kan nínú wa ní ọ́lísà, kò gbọdọ̀ jẹ ata. Òmíràn jẹ́ Àlájà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ló ń dà mí láàmú jù. ₦18,000 ni orí kan. Màá ṣàlàyé ìyẹn tó bá yá.

Tísà Lágere

Ẹ máa bọ̀ n'Ifẹ̀ o, ọmọ Owá. Mo mọ ilé yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lèmi àtàwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ti lọ síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni bàtà ń dúró sí, nítorí náà ẹ wọ èyí tó yá bọ́, kí ìbọ̀sẹ̀ yín má sì ní ihò.

Ti aṣọ ṣe pàtàkì. Léèsì funfun ni mo wọ̀ lọ nígbà àkọ́kọ́. Àárín tábìlì gan-an ni iná wà, orí rẹ̀ lẹran ti ń yan, ọ̀rá sì ń ta sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ léèsì yẹn kí òórùn èéfín tó kúrò lára rẹ̀. Tí ẹ bá ti ra aṣọ ẹgbẹ́, ẹ wọ̀ ọ́ ya fọ́tò níta, kí ẹ wá pààrọ̀ sí búláòsì òwú kí ẹ tó jókòó. Ẹ sì mú ìborí kúrò lórí, pàápàá gèlè. Gèlè máa ń gba èéfín sínú.

Èmi ti lé ní àádọ́ta ọdún, orúnkún mi ò gbà kí n ká ẹsẹ̀ kò fún wákàtí méjì. Mo ní kí wọ́n fún mi ní àpótí, wọ́n sì gbé e wá láìsí ìjà. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń pè é sílẹ̀, torí àpótí méjì péré ló ní.

Alájàpá

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Iléṣà, ẹ má fi ṣe alẹ́. Iléṣà sí Ifẹ̀ ò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà márosẹ̀ ni, àwọn ọkọ̀ àjàgbé pọ̀ lórí rẹ̀ lálẹ́. Ẹ jókòó sídìí oúnjẹ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Agogo méje, kí ẹ ti wà nínú ọkọ̀. Ẹ jọ gba bọ́ọ̀sì kan, kí ẹnikẹ́ni má dá wá.

Ìyá Eléko

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí òórùn, torí òun ló máa ń lé àwọn èèyàn wa sá kí wọ́n tó tọ́ oúnjẹ wò. Kimchi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síwájú yín. Kábéèjì ni. Wọ́n á fi iyọ̀ pa á kó lè rọ̀, wọ́n á ṣan iyọ̀ náà kúrò, wọ́n á wá po ata gígún, áayù, atalẹ̀ àti omi ẹja oníyọ̀ pọ̀, wọ́n á sì fi pa ewé kọ̀ọ̀kan lára, wọ́n á dé e pa títí á fi kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ogún ọdún ni mo ti ń ṣe ògì. Kíkan ògì àti kíkan kimchi, ọmọ ìyá ni wọ́n. Irú àwọn kòkòrò tíntín tó ń mú ògì mi kan lọ́jọ́ kẹta náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò kábéèjì yẹn. Ẹni tó bá ti lè mu omi ògì, kimchi ò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Níbẹ̀, tí òtútù bá ti ń bọ̀, ìdílé àti aládùúgbò á péjọ ṣe é pọ̀, oníkálukú á sì gbé tirẹ̀ lọ. Kimjang ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa mọ́ lọ́dún 2013.

Ọbẹ̀ kan tún wà, cheonggukjang lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń sè, tí wọ́n á bò ó mọ́bi tó móoru kó lè fà. Irú ni, mo fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Òórùn irú, fífà irú. Bacillus subtilis làwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pe kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún, òun náà ló wà nínú irú wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn ọbẹ̀ yẹn, ilé ìdáná ìyá mi ni mo rò pé mo wà. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ òórùn, ẹ jẹ́ kó rán yín létí ilé.

Ọmọ Mọ̀dákẹ́kẹ́

Ti Àlájà yín: ẹran tí wọ́n ń pè ní samgyeopsal, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, ikùn ẹlẹ́dẹ̀ tó ní ìpele mẹ́ta. Ẹ má kàn ní kó máa jẹ ẹran màlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó jẹ́ pé irin kan náà lẹ fi ń yan méjèèjì. Ọ̀rá yẹn máa ṣàn débi tiẹ̀. Ẹ pe obìnrin náà, ẹ ní kó má ṣe ẹlẹ́dẹ̀ rárá lọ́jọ́ náà, kó sì fọ irin náà dáadáa tàbí kó lo tuntun. Ẹ bi í bóyá ó ń da ọtí sínú omi tó ń fi rẹ ẹran, torí àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í ibi tó ti ń ra ẹran.

Ẹ̀yin méje yòókù lè fi ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. Mo ti jókòó rí níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti ń jẹun tí èmi ń mu kóòkì. Wọn ò ní mi lára, ṣùgbọ́n mi ò lọ mọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀ṣà

Ẹni tó ní ọ́lísà lè jẹun dáadáa níbẹ̀ tí ẹ bá tètè sọ. Ohunkóhun tó bá pupa, kó yàgò fún un. Kó bèèrè gyeran-jjim, ẹyin tí wọ́n fi ooru sè nínú ìkòkò kékeré, ó rọ̀ bíi mọ́ínmọ́ín. Japchae náà dáa, ó dà bí núdù, ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún ni wọ́n fi ń ṣe é, ata ò sí nínú rẹ̀. Tí obìnrin náà bá lè se samgyetang, ọmọ adìyẹ tí wọ́n ki ìrẹsì sínú ikùn rẹ̀, ìyẹn náà ò ní ata. Àsìkò tí oòrùn bá mú jù lọ́dún làwọn ará Kòríà máa ń mu ún gbígbóná.

Ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, iyọ̀ pọ̀ nínú kimchi àti nínú omi sóyà. Ẹ tọ́ ọ wò, ẹ má fi ṣe oúnjẹ. Ẹni tí edé máa ń ta lára kó bèèrè dáadáa, torí edé oníyọ̀ sábà máa ń wà nínú kimchi.

Soju, ọtí wọn, ńkọ́? Funfun ni, ó dà bí omi, kò sì korò lẹ́nu. Ìdá 16 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ọtí líle, bíà tí a mọ̀ ò sì ju nǹkan bí ìdá 5 lọ. Ẹni tó bá ń lo oògùn kó má fẹnu kàn án.

Ọmọ Adétì

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bùkún ọgbọ́n yín. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti owó.

Ọ̀kan wà nínú wa tí a ń pè ní Sùkú, torí òun ló ń dirun fún gbogbo yàrá ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Gààrí rẹ̀ náà ni gbogbo wa ń mu nígbà tí tiwa bá tán. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná lọ́dún tó kọjá, gbogbo ọjà inú rẹ̀ bá a lọ. Látìgbà tí a ti dárúkọ ₦18,000 lórí gúrúùpù, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Lánàá ló wá kọ ọ́ pé òun ní ìnáwó kan lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé kò sí ìnáwó kankan. Prífẹ́ẹ̀tì, ẹni tó jẹ́ olórí yàrá wa nígbà yẹn, ní kí a dáwó fún un lórí gúrúùpù. Ó fẹ́ ire fún un, ṣùgbọ́n mo mọ Sùkú. Tí a bá ṣe é lójú gbogbo ayé bẹ́ẹ̀, kò ní wá, a ò sì ní gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mi ò fẹ́ kí a lọ láìsí i. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é?

Akápò

Ọdún kẹfà mi rèé gẹ́gẹ́ bí akápò ẹgbẹ́ àwọn tí a jọ jáde. Ohun kan tí mo mọ̀ dájú: ẹ má gbowó nídìí oúnjẹ láéláé. Ibẹ̀ lojú ti ń tini. Kí gbogbo owó ti wọlé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, sínú àkáǹtì ẹnì kan, kí onítọ̀hún má sì kọ orúkọ ẹni tó ti san sórí gúrúùpù. Àkọsílẹ̀ "lágbájá ti san, làkáṣègbè ò tíì san" ti tú ẹgbẹ́ méjì ká lójú mi. Kí ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo san ti Sùkú ní kọ̀rọ̀, kó sì pa ẹnu mọ́.

Ẹrẹ́jà

Ẹ má bínú o, ṣé ó di dandan kó jẹ́ oúnjẹ Kòríà? Iyán gbígbóná wà n'Iléṣà, ẹran ìgbẹ́ wà, owó rẹ̀ ò tó ìdajì eléyìí, gbogbo yín lẹ sì mọ̀ ọ́n jẹ. Mo ti rí ìpàdé ọ̀rẹ́ tó dàrú nítorí pé wọ́n gbé e lọ síbi tó wọ́n.

Ọmọ Adétì

Ẹ̀gbọ́n Ẹrẹ́jà, òótọ́ lẹ sọ, èmi náà sì rò ó bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà rèé. Tí a bá jókòó sídìí iyán, kálukú ti mọ ipò rẹ̀. Prífẹ́ẹ̀tì á pàṣẹ ohun tí a máa jẹ, ẹni tó lówó jù á ra ọtí, àwa yòókù á máa kan sáárá sí wọn, Sùkú á sì jókòó sígun. Níbi tí ẹnì kan ṣoṣo péré ti mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun, gbogbo wa á tún di ọmọ fọ́ọ̀mù wáànù pọ̀. Ìyẹn ni mo ń wá.

Ọmọ Ìlódè

Mo ṣiṣẹ́ ní Incheon, ìlú kan ní Kòríà Gúúsù, fún ọdún mẹ́fà kí n tó padà sí Ifẹ̀. Mo fẹ́ràn ohun tí ọmọ Adétì sọ yẹn. Ọ̀nà tí àwọn ará Kòríà fúnra wọn ń gbà ṣe irú ìpàdé yìí lè yanjú ọ̀rọ̀ owó.

Ìpàdé àwọn tí wọ́n jọ jáde nílé ẹ̀kọ́ ní orúkọ níbẹ̀: dongchanghoe. Wọn kì í jókòó síbì kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ibi àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní il-cha, ibẹ̀ ni ẹran àti oúnjẹ gidi wà. Wọ́n á dìde, wọ́n á lọ síbi kejì, i-cha, bóyá láti mu bíà tàbí kọfí. Àwọn mìíràn á dé ibi kẹta. Ẹni tó sanwó ibi àkọ́kọ́, wọn ò ní jẹ́ kó san ti ìkejì, ẹlòmíràn á ti dìde ní tirẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ń pín owó lọ́gbọọgba o, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí mo bá ṣiṣẹ́ ò jẹ́ gbà. Ibi kejì kì í wọ́n tó ti àkọ́kọ́, kò sì sẹ́ni tó ń ṣírò ìyàtọ̀.

Nítorí náà, ẹ pín ìrọ̀lẹ́ yín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ yín tó ti Kòríà dé ló pè yín, òun àti àwọn tí ọwọ́ wọn tó o ni kó gbé oúnjẹ, kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ tààrà sí obìnrin náà láì sọ ọ́ lórí gúrúùpù. Àwọn kan á gbé owó bọ́ọ̀sì. Kí ẹ wá bẹ Sùkú pé òun ló máa gbé ibi tó kẹ́yìn, ohunkóhun tó bá wù ú. Mi ò fara mọ́ ti Akápò pé kí ẹnì kan san tiẹ̀ kó sì pa ẹnu mọ́, torí Sùkú á mọ̀, á sì gbé e sọ́kàn. Ẹ fún un ní nǹkan tó máa ṣe fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìjókòó kún un. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò ní ṣàjèjì sí ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé Yorùbá. Ẹni tó dàgbà jù ló máa kọ́kọ́ gbé ṣíbí. Ọwọ́ méjèèjì lẹ fi ń gba ife lọ́wọ́ ẹni tó jù yín lọ, ẹ ò sì ní bu ọtí fún ara yín, ẹnìkejì ló máa bù ú fún yín. Ẹni tó bá ń mutí níwájú àgbà á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin kì í pe obìnrin tó fi ọdún kan ṣoṣo jù ú lọ lórúkọ, eonni ló máa pè é, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n. Chingu ni ọ̀rẹ́, ẹni tí ẹ jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n sì sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, chingu ni yín.

Ṣíbí ni wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀, igi méjì tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ (chopsticks) wà fún ẹran àti ẹ̀fọ́. Irin tín-ín-rín ni tiwọn, ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ má gbé abọ́ ìrẹsì sókè sẹ́nu. Ẹ má sì fi ṣíbí tàbí igi gún ìrẹsì kó dúró ṣánṣán, torí bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ fún òkú nìyẹn níbi ìrántí àwọn baba ńlá wọn. Jesa ni wọ́n ń pe ìrántí náà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé ará Ìjẹ̀ṣà kan ni wọ́n ń pè.

Àwọn abọ́ kéékèèké tó yí tábìlì ká ni banchan. Ní Kòríà, tó bá tán, wọ́n á tún bù ú fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Níbí, ọ̀nà jíjìn ni obìnrin náà ti ń ra ata àti sóyà rẹ̀, ẹ bèèrè kí ẹ tó ní kó tún gbé e wá.

Ẹran màlúù tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n rẹ sínú omi sóyà, ṣúgà, áayù àti òróró yànmọ̀tí ni bulgogi. Àwọn ẹran tó bá tóbi, àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi ń gé e lórí iná. Ẹ tẹ́ ewé lẹ́tùùsì sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ kó ẹran lé e, áayù díẹ̀, ata díẹ̀, ẹ pa á dé, kí ẹ sì ju gbogbo rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má gé e jẹ, á tú dà sára yín. Tí ẹnì kan bá fẹ́ràn yín níbẹ̀, á wé ọ̀kan, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi sí yín lẹ́nu.

Akápò

Mo ti ka ti Ọmọ Ìlódè. Tirẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Adétì (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì)

Ẹ kú ìrọ̀jú, ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè. A lọ, a sì bọ̀.

Ará Kòríà wa, ọ̀rẹ́ wa tó ti ibẹ̀ dé, ló pe Sùkú fúnra rẹ̀ lórí fóònù. Kò dárúkọ owó oúnjẹ rárá. Ó ní, "Ìwọ lo máa gbé ìkẹyìn o, kò sẹ́lòmíràn." Sùkú ò fèsì títí ilẹ̀ fi ṣú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló kọ ọ́ sórí gúrúùpù pé, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú pọ́ọ̀sì jáde níwájú mi." Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn nínú ọjà, mo sì dúró sójú kan.

Agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la jókòó. A gba àpótí méjèèjì. Obìnrin náà ra irin tuntun nítorí Àlájà, Sábó ló ti ra ẹran, kò sì da ọtí sí nǹkan kan. Ẹni tó ní ọ́lísà jẹ ẹyin inú ìkòkò yẹn, ó tún bèèrè òmíràn. Kimchi tán ní kíá. A bèèrè, wọ́n sì gba ₦1,500 fún abọ́ kejì. Ìyá Eléko, ẹ ò parọ́. Prífẹ́ẹ̀tì gbọ́ òórùn ọbẹ̀ sóyà yẹn láti ẹnu ọ̀nà, ó ní ta ló ń se ilá.

Ti igi méjì yẹn ni mo fẹ́ sọ. Irin ni lóòótọ́, tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ. Èmi ò lè gbé ohunkóhun. Prífẹ́ẹ̀tì gbé ẹran lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ló jábọ́, ó sì ti fẹ́ bèèrè fọ́ọ̀kì. Sùkú ò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà tí a ti jókòó. Ó mú igi tirẹ̀, ó yí wọn wò, ó fi ìka kan sáàárín wọn bó ṣe máa ń di ìrù òòyà mú tó bá fẹ́ la irun ẹni. Ó na ọwọ́, ó sì mú ẹ̀hù ẹ̀wà kan ṣoṣo jáde nínú abọ́. Ẹyọ kan, tí kò nípọn ju òwú lọ. Ó gbé e sókè, kò gbọ̀n. Gbogbo wa dákẹ́. Ará Kòríà wa ní ó gba òun tó oṣù mẹ́rin kí òun tó lè ṣe ìyẹn.

Látìgbà náà, òun ló ń darí tábìlì. Òun ló gba àlùmọ́gàjí, tó ń gé ẹran, tó ń yí i padà lórí iná. Wọ́n mú iná lọ láàárín, obìnrin náà gbé àtùpà oníbátìrì kalẹ̀, iná gáàsì ń tàn sí wa lójú lábẹ́, ó wá dà bí ìgbà tí a máa ń tan àbẹ́là sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ni Prífẹ́ẹ̀tì ti sọ ohun tí kò sẹ́ni tó retí. Ó ní, "Sùkú, alẹ́ tí mo ní kí o kúnlẹ̀ nítorí pé o ń dirun lẹ́yìn agogo oorun, orí mi lo fẹ́ dì lọ́jọ́ kejì, tí o ń tètè parí ti àwọn tó kù. Mo mọ̀ nígbà yẹn. Má bínú." Ọ̀rọ̀ ọdún 1998 nìyẹn o. Sùkú ò dá a lóhùn. Ó mú lẹ́tùùsì kan, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ó kó bulgogi lé e, ó yọ áayù kúrò torí Prífẹ́ẹ̀tì kì í jẹ ẹ́, ó ká etí ewé náà wọlé bí ẹni ń fi òwú parí ìdí sùkú, ó sì nà án sí i lẹ́nu. Prífẹ́ẹ̀tì ya ẹnu, ó gbà á.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ máa lọ lẹ́yìn wa mọ̀ pé wákàtí mẹ́ta ò tó. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ agogo mẹ́ta lẹ máa jókòó. Kí ẹ sì mú àǹkáṣíìfù dání, torí bébà ìnuwọ́ wọn tètè tán.

Agogo méje kọjá díẹ̀ la wọ bọ́ọ̀sì. Ní Lágere, Sùkú ní kí awakọ̀ dúró. Ìyá kan ń sun àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Sùkú bọ́ sílẹ̀ òun nìkan, ó tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dá méjì padà, ó ní kí ìyá náà sun òmíràn. Ó ra mẹ́jọ pẹ̀lú àgbọn, ó sì ra ti awakọ̀ mọ́ ọn. Ó sanwó, ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in láti ẹ̀yìn ọkọ̀ bọ̀ wá síwájú. Nígbà tó kan èmi, ó fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá ọ̀kan tó rọ̀ lábẹ́, ó ní, "Tìẹ rèé. Ṣé eyín ọwọ́ òsì yẹn ṣì ń dùn ọ́?"